Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ẹ̀rọ Àtijọ́ Máa Ṣiṣẹ́

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2007, ìdíje kan wáyé láàárín kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ní ìlú Bonn, lórílẹ̀-èdè Jámánì, àti Colossus, ẹ̀rọ ràgàjì kan tó gba odindi yàrá ní Bletchley Park, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń tú àdììtú ọ̀tá nígbà ogun. Ẹ̀rọ Lorenz, irú èyí tí àwọn ọ̀gágun Hitler lò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ni àwọn tó gbé ìdíje náà kalẹ̀ fi sọ ọ̀rọ̀ di àdììtú. Wọ́n wá fi rédíò gbé e sáfẹ́fẹ́ láti ìlú Paderborn, pé kí ẹni tó bá lè tú u wá tú u. Joachim Schüth, ọmọ Jámánì tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ètò tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lò, ló gbégbá orókè. Ìṣẹ́jú àáyá 46 ló fi rí ohun tó ń wá. Ẹ̀rọ Bletchley lo wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kí ó rántí pé ìgbà ogun ni wọ́n ti ronú irú ẹ̀rọ yẹn jáde, nígbà tí kò tíì sí ẹni tó mọ ohun tó ń jẹ́ kọ̀ǹpútà nínú ilé. Lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún ó lé, iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é ló ṣì jókòó ṣe yẹn, ó sì ṣe é yọrí.

Àwọn mùsíọ́mù tó ń sọ ìtàn kọ̀ǹpútà kò wọ́n mọ́, láti Amẹ́ríkà títí dé Jámánì, àmọ́ òkú ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n kó jọ síbẹ̀. Wọ́n á to àpótí irin aláwọ̀ eérú sẹ́yìn gíláàsì, wọ́n á lẹ ìwé pélébé mọ́ ọn pé ọdún báyìí ni wọ́n ṣe é, ilé iṣẹ́ báyìí ló ni ín, iye báyìí ni wọ́n ń tà á. Àlejò á kà á, á ya fọ́tò, á kọjá. Kó tó dé ìdí ẹ̀kẹta, ojú rẹ̀ ti ń wá ibi tí wọ́n ti ń ta tíì. Kò sì sí ẹni tó lè bá a wí. Ìkòkò àtijọ́ tàbí ọ̀bẹ àtijọ́, bí ènìyàn bá ti rí i ló ti mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí iná lára rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó rán an níṣẹ́, irin àti wáyà lásán ni. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí mùsíọ́mù kọ̀ǹpútà tó bá mọ ohun tó ń ṣe jẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ máa ṣiṣẹ́ níṣojú àlejò, bí iṣẹ́ náà tilẹ̀ ń jẹ ẹ̀rọ lára, bó tilẹ̀ ń jẹ owó.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ wà ní National Museum of Computing, tó wà nínú ọgbà Bletchley Park kan náà. Ọkọ̀ ojú irin tó bá gbéra ní Euston, ní Lọ́ńdọ̀nù, kì í pẹ́ tó wákàtí kan kó tó dé Bletchley. (Kí àlejò má ṣì í o: ọ̀tọ̀ ni àwọn tó ń darí mùsíọ́mù yìí, ọ̀tọ̀ ni àwọn tó ń darí Bletchley Park fúnra rẹ̀, ọ̀tọ̀ sì ni tíkẹ́ẹ̀tì oníkálukú.) Block H ni wọ́n ń pe ilé tó wà. Kò sí ẹwà kankan lára ilé náà. Ní 1944 ni wọ́n kọ́ ọ, kí àwọn ẹ̀rọ tó ń tú àdììtú ogun lè ríbi gbé.

Ẹ̀rọ tó yẹ kí àlejò kọ́kọ́ dúró tì níbẹ̀ kì í ṣe Colossus tí òkìkí rẹ̀ kàn. WITCH ni. Harwell, níbi tí àwọn ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣèwádìí agbára átọ́míìkì, ni wọ́n ti ṣe é, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951. Ó wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì àti ààbọ̀. Gílóòbù kéékèèké 828 tí wọ́n ń pè ní Dekatron ló wà lára rẹ̀. Nínú gílóòbù kọ̀ọ̀kan, iná pípọ́n kan á máa fò káàkiri ojú mẹ́wàá, láti òdo dé ẹ̀sán, ibi tó bá sì dúró sí ni nọ́ńbà tí ẹ̀rọ náà ní lọ́kàn. Ìyẹn ni pé ènìyàn lè dúró síwájú kọ̀ǹpútà yìí kí ó fi ojú lásán ka ohun tó wà níkùn rẹ̀. Bí iná ṣe ń fò ni rílé, ìyẹn suwíìṣì tí iná mànàmáná ń ṣí tó sì ń pa, ń ta kà-kà-kà lẹ́yìn rẹ̀, rílé 480. Kò yára rárá. Kó sọ nọ́ńbà méjì péré di púpọ̀, ó lè gbà á ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́wàá. Ní Harwell, onímọ̀ ìṣirò kan fi ẹ̀rọ ìṣirò ọlọ́wọ́ bá a díje, wọ́n sì jọ ń lọ ní ọgbọọgba fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, kó tó rẹ onímọ̀ náà tó fi sá fún un. WITCH ń bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n tilẹ̀ fi í sílẹ̀ lásìkò Kérésìmesì kan pé kó máa dá ṣiṣẹ́ nígbà tí oníkálukú bá ti relé.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn náà ló gbe ọ̀rọ̀ tí à ń sọ lẹ́sẹ̀. Ní 1957, Harwell yọ̀ǹda rẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ kan ní Wolverhampton, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì fi kọ́ṣẹ́ títí di 1973. Láti ibẹ̀ ó di ará mùsíọ́mù ní Birmingham, àfi bí wọ́n ṣe tú u palẹ̀ ní 1997, tí wọ́n kó o sí ilé ìkẹ́rù. Ibẹ̀ ló wà, tí eruku ń bò ó, tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni fi lọ kó o wá sí Bletchley, tí wọ́n ń nu ún, tí wọ́n ń tún un tò, títí ó fi tún ṣiṣẹ́ lójú gbogbo ayé ní ogúnjọ́ oṣù kọkànlá ọdún 2012. Páàtì tó pọ̀ jù lára rẹ̀ lónìí ni èyí tó ti wà lára rẹ̀ ní Harwell. Irin kan náà ni, wáyà kan náà ni. Àmọ́ ní ilé ìkẹ́rù, ẹrù ni. Ní Block H, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè fi ìka tẹ̀lé iná tó ń fò, kí ó sì lóye ohun tí olùkọ́ á fi odindi ọ̀sẹ̀ ṣàlàyé fún un, ìyẹn bí ẹ̀rọ ṣe ń rántí nọ́ńbà.

Colossus ní tirẹ̀ tún lé iwájú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Alan Turing, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe é, wọ́n sì rò pé àdììtú Enigma, ẹ̀rọ àdììtú Jámánì mìíràn, ló ń tú. Irọ́ ni méjèèjì. Ẹ̀rọ Bombe ni ti Enigma, àwọn kan ti tún ọ̀kan ṣe, ó sì wà ní Block H kan náà. Lorenz ni ti Colossus, ẹ̀rọ alágbàá yíyí méjìlá tí àwọn ọ̀gá àgbà ológun Jámánì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ní 1942, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bill Tutte fi ìwé àti pẹ́ńsù lásán mọ bí Lorenz ṣe rí nínú, láì fojú kàn án rí. Mímọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí títú ọ̀rọ̀ rẹ̀ kíákíá. Ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́kọ́ fi gbìyànjú ń sá téèpù oníwèé méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, téèpù méjèèjì sì gbọ́dọ̀ máa ṣe wẹ́kú. Wọn kì í ṣe é: ọ̀kan á nà, èkejì á ya. Tommy Flowers, ọmọ bíríkìlà láti Poplar ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ tẹlifóònù fún ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba ní Dollis Hill, ló sọ pé kí wọ́n yọ téèpù kan kúrò, kí ẹ̀rọ máa fi iná ṣẹ̀dá ti ìkejì nínú ara rẹ̀. Iṣẹ́ náà á gba fáàfù bí 1,600, gílóòbù onígíláàsì irú èyí tó ń wà nínú rédíò àtijọ́. Àwọn ọ̀gá ní kò ṣeé ṣe, pé lójoojúmọ́ ni fáàfù á máa jó. Flowers mọ ohun tí wọn kò mọ̀. Pípa àti títàn ló ń pa fáàfù. Bí wọ́n bá tàn án tí wọn kò pa á mọ́, á pẹ́ láyé. Oṣù kìíní ọdún 1944 ni Colossus àkọ́kọ́ dé Bletchley, ó ń ka lẹ́tà 5,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí ogun fi parí, wọ́n ti di mẹ́wàá.

Kí ló kù nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá? Kò ku nǹkan kan. Ìjọba ní kí wọ́n fọ́ mẹ́jọ. Wọ́n pa méjì mọ́ lábẹ́ àṣírí, wọ́n sì tú àwọn náà ká ní nǹkan bí 1960. Àṣẹ dé ọ̀dọ̀ Flowers pé kí ó jó àwọn àwòrán iṣẹ́ rẹ̀. Ó kó wọn lọ sídìí iná ìléru ní Dollis Hill, ó sì jó wọn. Bí Colossus ṣe fara pamọ́ yìí ni ENIAC, tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi han gbogbo ayé ní Philadelphia ní oṣù kejì ọdún 1946, ṣe gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìwé ìtàn. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kí etí aráyé tó gbọ́ nípa ẹ̀rọ Dollis Hill.

Ní 1993, ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Tony Sale bẹ̀rẹ̀ sí í tún Colossus ṣe. Fọ́tò mẹ́jọ tí wọ́n yà ní 1945 ló ní lọ́wọ́, pẹ̀lú àwọn bébà jákujàku tí àwọn ẹnjiníà kan ti fi pamọ́ sílé láì gbàṣẹ. Ó dára bí wọ́n ṣe ṣàìgbọràn! Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 1996, Duke of Kent tan Colossus tuntun náà, Flowers ẹni 90 ọdún sì wà níbẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló jáde láyé.

Àwọn kan ń sọ pé ayédèrú ni, pé ohun tí kì í ṣe ojúlówó kò ní ibì kan nínú mùsíọ́mù. Ọ̀rọ̀ wọn ìbá tọ̀nà tí wọ́n bá ń pè é ní ohun tí kì í ṣe. Kò sí ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀. Àtúnṣe ni wọ́n ń pè é, ojú ibi tí Colossus kẹsàn-án dúró sí gan-an ló sì wà. Téèpù ń sáré yípo lórí àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké, ooru ń ti ara fáàfù jáde débi pé àlejò á bọ́ kóòtù. Níbẹ̀ ló ti lè yé e ìdí tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin ológun ojú omi, àwọn Wren, tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀rọ náà tọ̀sán-tòru, fi gbọ́dọ̀ ní ọwọ́ tó rọ̀: wọ́n á lẹ ìdí téèpù pọ̀, wọ́n á fà á le débi tó yẹ, bó bá sì dẹ̀ tàbí kó le jù, ó di kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ìwé pélébé lára ògiri kò lè fi iṣẹ́ àwọn obìnrin yìí han ẹnikẹ́ni.

Àtakò kejì lágbára ju ìyẹn lọ, ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ ìtọ́jú ohun àtijọ́ ló sì ti ń wá. Wọ́n ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ ni nǹkan ń gbó lára rẹ̀. Bí páàtì bá bàjẹ́, wọ́n á fi tuntun rọ́pò, títí ti àtijọ́ á fi tán. Òótọ́ ni. Ẹ̀rọ tó ṣẹ́ ku ẹyọ kan ṣoṣo, tí páàtì rẹ̀ kò sì sí níbì kankan mọ́, kí wọ́n fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́, kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ mìíràn tí á máa ṣiṣẹ́. Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ti EDSAC, tí ojúlówó rẹ̀ kò tilẹ̀ sí mọ́, kọ̀ǹpútà tí Maurice Wilkes àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kọ́kọ́ lò ní Cambridge ní oṣù karùn-ún ọdún 1949. Mákúrì inú ọ̀pá irin gígùn ni EDSAC fi ń rántí nǹkan. Àwọn tó ń tún un ṣe kò lo mákúrì, wáyà nickel ni wọ́n lò dípò rẹ̀, wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀ fún àlejò. Ohun tó yẹ ni: kí wọ́n sọ èyí tó jẹ́ ti àtijọ́ àti èyí tó jẹ́ àrọ́pò, kí wọ́n kọ gbogbo páàtì tí wọ́n bá pààrọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n tan iná.

Àmọ́ fáàfù kọ́ ló máa kọ́kọ́ tán. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ni. Òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Irú wọn a máa fi etí mọ rílé tó ń ṣàìsàn. Ìmọ̀ yẹn kò sí nínú ìwé, kò sì sí ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni. Kì í ṣe pé àwọn ọ̀dọ́ tó lè kọ́ ọ wọ́n. Ẹni tó bá ti dé ọjà kọ̀ǹpútà Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà rí, tó rí ọmọ ogún ọdún tó ń tú fóònù tí kò ní àwòrán rẹ̀ lọ́wọ́, tó sì ń fi òjé jó wáyà tó tín-ín-rín ju irun lọ, mọ̀ pé ọgbọ́n ọwọ́ ṣì wà nílẹ̀. Owó oṣù ni kò sí. Àwọn tó ń fún mùsíọ́mù lówó fẹ́ràn kí wọ́n kọ orúkọ wọn sára yàrá tuntun tàbí sára ẹ̀rọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Kí wọ́n dáwọ́ ìyẹn dúró ná fún ọdún mélòó kan. Kí wọ́n fi owó náà gba ọ̀dọ́ méjì méjì sídìí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú owó oṣù gidi, kí àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n máa kọ́ wọn nígbà tí wọ́n ṣì lè gun àkàbà dé fáàfù tó wà lókè.