Ẹ má ṣe kánjú yọ eyín ọmọdé

Funfun niyì eyín, bí àwọn àgbà ti máa ń wí. Ṣùgbọ́n bí gbòǹgbò eyín kò bá lágbára, funfun nìkan kò lè mú un dúró lẹ́nu.

Ní Monday Market, ọjà ńlá Maiduguri ní ìpínlẹ̀ Borno, àwọn ọmọdé ń kiri ọjà láàárín kẹ̀kẹ́ àti ọmọlanke. Kò ṣòro kí ọmọ ṣubú, kí eyín iwájú rẹ̀ sì kán. Bí ìdí eyín náà bá wá ń ṣọyún, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn òbí ni pé kí wọ́n yọ ọ́ kí ara lè tu ọmọ. Ní èrò tiwa, ìkánjú yìí ló ń ba nǹkan jẹ́.

Eyín àgbà ti iwájú lókè sábà máa ń hù nígbà tí ọmọ bá tó ọdún 7 sí 8, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ kì í dàgbà tán títí di nǹkan bí ọdún 10. Bí ẹran inú eyín bá kú ṣáájú ìgbà náà, gbòǹgbò yóò kúrú, ògiri rẹ̀ yóò fẹ́lẹ́, ìdí rẹ̀ yóò sì wà ní ṣíṣí. Bí a bá sì yọ ọ́, egungun ibẹ̀ yóò máa joro, a kò sì ní lè ri eyín àtọwọ́dá mọ́ egungun náà títí ọmọ yóò fi dàgbà tán.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní ọdún 2001, àwọn dókítà eyín ní Japan ròyìn ìtọ́jú ọmọbìnrin ọdún 13 kan tí gbòǹgbò eyín rẹ̀ tún dàgbà lẹ́yìn tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀. Lónìí, dókítà yóò fọ inú eyín, yóò fi oògùn apakòkòrò sí i fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò mú kí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sun wá láti ìdí gbòǹgbò. Ẹ̀jẹ̀ náà yóò dì, dókítà yóò sì dí ojú eyín pa.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́. Ohun tí ó ń hù níbẹ̀ kì í sábà jẹ́ ẹran eyín ti àkọ́kọ́. Ohun tí ó jọ egungun tàbí èèpo gbòǹgbò ni àwọn onímọ̀ sábà ń rí. Iná jó Monday Market ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 2023. Àwọn oníṣòwò mọ̀ pé ìsọ̀ tí a tún kọ́ lẹ́yìn iná lè má rí bí ti àtijọ́, síbẹ̀ a lè tajà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni eyín yìí: bí ìtọ́jú bá yọrí sí rere, ọyún yóò gbẹ, ìrora yóò lọ, ọmọ yóò sì máa fi jẹun.

Gbòǹgbò ọmọ kan lè gùn sí i, kí ti òmíràn má gùn. Nítorí náà ni àyẹ̀wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn ọdún kan, àti lọ́dọọdún, fi jẹ́ ara ìtọ́jú náà. Ẹni tí ó ń ṣòwò láti rí oúnjẹ òòjọ́ kò lè máa pa ìsọ̀ dé nígbà gbogbo. Ó yẹ kí ìjọba dín owó àyẹ̀wò yìí kù fún àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn bíi UMTH ní Maiduguri, UCH ní Ìbàdàn àti LUTH ní Èkó.

Ẹ̀yin òbí, ẹ tètè gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín, kí ẹ sì béèrè bóyá a ṣì lè dá eyín náà sí. Eyín àgbà tí a bá yọ kì í hù mọ́.