Ta Ló Dúró Gbọ́ Akólòlò?

Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Òwe yìí kò gba àlàyé, ọmọdé gan-an mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò kan ló bí mi nínú lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo fi fà á yọ. Ó gbé “Good Vibrations”, orin àwọn Beach Boys, sí i, ó ní ẹni tó fi oṣù méje ṣe orin kan ṣoṣo kò mọṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ òun náà ń mi orí sí i!

Oṣù Kejì ọdún 1966 ni Brian Wilson, ọ̀kan lára àwọn Beach Boys, bẹ̀rẹ̀ orin náà ní sítúdíò Gold Star, ní Hollywood. Ó di oṣù Kẹsàn-án kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Sítúdíò mẹ́rin ló gbé e dé, torí bí ohùn ṣe ń dún ní yàrá kan kọ́ ló ṣe ń dún ní òmíràn. Kò ká a sílẹ̀ láti òkè délẹ̀. Wẹ́wẹ́ ló ń ká a, èyí tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á ní kí wọ́n tún un ká. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi abẹ gé téèpù, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹ fetí sí i dáadáa: ní àárín orin, ariwo á rọlẹ̀ lójijì, dùùrù á gbà á. Ibi tí wọ́n ti so ó nìyẹn. Gbogbo làálàá yìí, orin ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ààbọ̀! Nígbà tó di oṣù Kejìlá, òun ló wà nípò kìíní ní Amẹ́ríkà.

Wọ́n á ní owó ló ní, pé ohun tó ná lé ní 50,000 dọ́là. Ẹ gbàgbé owó. Àwọn tó lówó jù ú lọ ò lóǹkà, orin wọn dà?

Àmọ́ ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Bí akólòlò bá pe baba, ẹnìkan ló dúró gbọ́ ọ. Paul Tanner, tó ti fọn tròḿbóònù fún ẹgbẹ́ olórin Glenn Miller rí, ló gbé Electro-Theremin rẹ̀, ohun èlò orin oníná, wá, tó ń mú ohùn gígùn yẹn lọ sókè, tó ń mú un bọ̀ wálẹ̀. Mike Love, tí òun náà wà nínú ẹgbẹ́ náà, ló kọ ọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́ níbẹ̀ lónìí, Carl àbúrò Brian ló lé e.

Nígbà tí Brian wá fẹ́ fi ọgbọ́n kan náà ṣe odidi àwo Smile, ìfaradà tán. Mike ń bá Van Dyke Parks, tó ń kọ ọ̀rọ̀ orin fún Brian, fa ọ̀rọ̀ orin tí kò yé e, ara Brian fúnra rẹ̀ kò sì balẹ̀. Wọ́n pa á tì lọ́dún 1967. Ọdún mẹ́tàdínlógójì kọjá kí Brian tó kọ ọ́ tán níwájú èrò ní London, ní 2004, pẹ̀lú àwọn olórin mìíràn tó ní sùúrù fún un. Parks yìí kan náà ló bá a wá ọ̀rọ̀ sí ibi tó ṣófo.