Òfin Mọ Ìbọn, Kò Mọ Ọdẹ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ìbọn ní apátí, bí kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí á dojú rẹ̀ kọ òun? Ẹni tí kò mọ ìbọn kọ́ ló pa òwe yìí. Ohun tí ó ń kọ́ wa ni pé kì í ṣe ìbọn nìkan ni à ń wò. Ọwọ́ tí ó dì í mú ni à ń kọ́kọ́ wò. Lójú tèmi, èyí gan-an ni àwọn tí ń jiyàn lórí òfin ìbọn ní orílẹ̀-èdè yìí ti gbàgbé, ìhà méjèèjì ni wọ́n sì ti gbàgbé rẹ̀.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, àwọn apànìyàn ya wọ ilé ìjọsìn Kátólíìkì ti Francis Mímọ́ ní ìlú Ọ̀wọ̀. Ìbọn àti àdó olóró ni wọ́n fi pa ènìyàn tí kò dín ní 40, lọ́jọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, nígbà tí àwọn olùjọ́sìn ṣì wà nínú ilé Ọlọ́run. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ìbọn kò kúrò lẹ́nu wa mọ́. Ìhà kan ní kí ìjọba jẹ́ kí olúkúlùkù ra ìbọn tirẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe ní Amẹ́ríkà. Ìhà kejì ní òfin ti wà nílẹ̀, kí a fi ọ̀rọ̀ ìbọn sílẹ̀ fún ọlọ́pàá àti ṣọ́jà. N kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ẹni tí ó ní kí a ṣe bí Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà wo ni ó ń sọ? Ìpínlẹ̀ 50 ni ó wà níbẹ̀, olúkúlùkù ni ó sì ní òfin ìbọn tirẹ̀ lẹ́yìn ti ìjọba àpapọ̀. Láti ọdún 1911 ni New York ti ń béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ ní ìbọn ìléwọ́. Ní Texas, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ẹni tí ó ti pé ọmọ ọdún 21, tí òfin kò sì ka ìbọn léèwọ̀ fún, lè gbé ìbọn ìléwọ́ kiri láìgba ìwé àṣẹ kankan. Ní ìpínlẹ̀ Texas yìí kan náà, ní ìlú Uvalde, ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 2022, ọmọ ọdún 18 kan wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì pa ọmọdé 19 àti olùkọ́ 2. Kò jí ìbọn náà. Ó rà á ní ìrọwọ́rọsẹ̀ lábẹ́ òfin. Àwọn agbófinró 376 ni wọ́n péjọ síbẹ̀, tàwọn tìbọn, síbẹ̀ ìṣẹ́jú 77 ni ó kọjá kí wọ́n tó wọlé pa á. Bí ó bá ṣe pé ọ̀pọ̀ ìbọn ni ààbò, ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni ìbá ti hàn?

Àwọn tí ó ní òfin ti wà nílẹ̀ ńkọ́? Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kà á. Ọdún 1959 ni wọ́n ṣe òfin náà, ó ku ọdún kan kí a gba òmìnira. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó pín ìbọn sí. Àkọ́kọ́ ni ìbọn ogun, ìbọn arọ̀jò-ọta àti ìbọn ìléwọ́, tí ó jẹ́ pé Ààrẹ nìkan ni ó lè fi àṣẹ sí i. Èkejì ni ìbọn ọdẹ ti òyìnbó, tí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ń fún ni níwèé àṣẹ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni èyí tí à ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu, ìyẹn ṣakabùlà àwọn baba wa. Òfin mìíràn ní kí ẹni tí a bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìtọ́ san 20,000 náírà, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì. Owó ìtanràn yẹn kò ra àpò ìrẹsì kan mọ́.

Ìwé òfin ọdún 1999 sì fi ọ̀rọ̀ ìbọn àti ọta sí abẹ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ìjọba Zamfara ní oṣù kẹfà ọdún 2022 ní kí àwọn ará ìlú múra láti gba ìbọn, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun sọ pé gómìnà kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí náà tí Àmọ̀tẹ́kùn, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2020, fi ní òfin ìpínlẹ̀ lẹ́yìn, tí ó ní aṣọ, tí ó ní ọkọ̀, ṣùgbọ́n tí òfin ìpínlẹ̀ kò lè fún un ní irú ìbọn tí ọ̀tá rẹ̀ ń gbé.

Báwo ni ṣakabùlà ṣe di ìpín wa? Ní ogun Kírìjì, láti ọdún 1877 dé 1893, àwọn Èkìtìparapọ̀ ti ipasẹ̀ àwọn ọmọ wọn ní Èkó rí ìbọn tuntun tí à ń ki láti ìdí, ìró rẹ̀ ni wọ́n sì ní ó fún ogun náà lórúkọ. Kí ogun náà tó parí, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù jókòó ní Brussels ní ọdún 1890, wọ́n fi òfin de títa ìbọn ìgbàlódé ní apá tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Áfíríkà. Èyí tí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ni ìbọn olókùúta àtijọ́ àti ẹ̀tù ọjà. Ojú kan náà ni òfin ọdún 1959 fi wò wá. Lónìí, ọdẹ tí ń ṣọ́ ìlú níláti da ẹ̀tù, kí ó kì í, kí ó sọ ọta sí i, kí ó tó lè yìn ín lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó dojú kọ ọ́ ní ọta 30 nínú ìbọn AK-47.

Síbẹ̀ n kò ní kí a sọ òfin yẹn nù. Ìbéèrè rẹ̀ dára. Ó ní kí a má ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 ní ìwé àṣẹ, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún 5. Ta ni a wá ń bi? Ọlọ́pàá tí wọ́n gbé dé láti ọ̀nà jíjìn ni, tí kò mọ ilé, tí kò mọ oko. Ọ̀mùtí abúlé kì í kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ọ̀mùtí ni òun.

Mo bi olúọdẹ kan léèrè nígbà kan pé, “Bàbá, ta ni ẹ kì í jẹ́ kó gbé ìbọn?” Ó ní, “Ọmọ mi, ẹni tí inú ń tètè bí. Ẹran kì í ṣẹ ènìyàn. Bí inú bá ń bí i sí ẹran, ènìyàn ló máa kàn.” Ìdáhùn yìí kò sí nínú ìwé ọlọ́pàá kankan. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni ọdẹ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ mọ̀ ọ́n nígbà tí ó ń gbé àpò, ó fi irin Ògún búra lójú wọn, bí ó bá sì kú, àwọn náà ni wọ́n ń ṣípà ọdẹ fún un. Mo mọ̀ pé ọdẹ kì í ṣe áńgẹ́lì. A ti gbọ́ ti ọdẹ tí ó yìnbọn pa olóko tí ó pè ní ẹran. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ìwà ọdẹ ni kí a bi léèrè ìwà ọdẹ.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè fún ni kí a tún ìwé òfin ṣe, kí ìpínlẹ̀ lè fún àwọn ọdẹ aṣọ́lùú ní ìwé àṣẹ ìbọn tí ó tó ọ̀tá dojú kọ. Kí ẹgbẹ́ ọdẹ àti àwọn ará ìlú dúró fún ẹni náà, kí nọ́ńbà ìbọn wà lákọsílẹ̀, kí adájọ́ sì lè gbà á padà.

Àwọn kan yóò ní àwọn gómìnà yóò fi ìbọn náà ṣe ìbò. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀rù asán: a kò gbàgbé ohun tí àwọn olóṣèlú lo àwọn ọlọ́pàá ìbílẹ̀ fún nílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ṣáájú ọdún 1966. Ìdí gan-an nìyẹn tí n kò fi ní kí gómìnà nìkan fọwọ́ sí i. Gómìnà tí kò lè fún ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ níbọn láìjẹ́ pé olúọdẹ àti adájọ́ gbà kò ní ibi tí yóò gbé e gbà.

A lè máa jiyàn nìṣó títí ẹkún mìíràn yóò fi sọ ní ìlú mìíràn. Ọdẹ abúlé kò lè dúró de ìparí iyàn wa. Ilẹ̀ ń ṣú, ó sì ń ki ẹ̀tù.