Faraday àti Ẹ̀rọ Ẹ̀yìnkùlé Wa

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú ní Iṣẹri Olowora tí iná ìjọba kò sì sí, a kì í gbọ́ ohùn ara wa mọ́. Ẹ̀rọ amúnáwá kan ń ké níwájú ṣọ́ọ̀bù, òmíràn ń dá a lóhùn láti ẹ̀yìnkùlé. Àwọn ọmọ kékeré pàápàá mọ bí a ti í fa okùn rẹ̀ kí ó tó jí. Ṣùgbọ́n bi wọ́n léèrè ibi tí iná náà ti ń wá: wọn yóò ní epo ni ó di iná. Èyí tí ó mọ̀wé jù nínú wọn yóò ka ìtumọ̀ tí olùkọ́ kọ sí ojú pátákó láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, kò sì ní í mọ ohun tí ó kà. A kò dá ọmọ náà lẹ́bi. Àwa tí a yan iṣẹ́ olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí.

Ọkùnrin tí ó la ọ̀nà ẹ̀rọ yìí kò kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ báyìí. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni Michael Faraday, a bí i lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1791. Ẹ̀kọ́ ilé-ìwé rẹ̀ kò ju kíkà, kíkọ àti ìṣirò díẹ̀ lọ. Ní ọmọ ọdún 14 a fi í sí ẹnu iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí ń di ìwé. Ó lo ọdún méje níbẹ̀, ó sì ń ka èyí tí ó ń dì. Ní ọdún 1812 ó lọ gbọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́nu Ọ̀jọ̀gbọ́n Humphry Davy, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó dì í ní ìwé, ó sì fi í ránṣẹ́ sí Davy. Ní ọdún kejì Davy gbà á sí iṣẹ́ ní Royal Institution. Ẹ wo irú ìwé ìwáṣẹ́ bẹ́ẹ̀!

Oersted ará Dẹ́nímákì ti rí i ní ọdún 1820 pé bí iná mànàmáná bá ń gba inú wáyà kọjá, abẹ́rẹ́ òòfà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ a yí ojú padà. Faraday wá rò ó pé, bí iná bá lè mi òòfà, ǹjẹ́ òòfà kò lè mú iná wá bí? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó dán an wò lásán. Ó gbé òòfà sínú wáyà bàbà tí a ká, ó wò ó títí, kò rí nǹkan kan. Ní October 1831 ni ó ti òòfà bọ inú wáyà náà kíákíá: abẹ́rẹ́ ta. Ó fà á yọ: abẹ́rẹ́ tún ta sí òdì kejì. Ó fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́: abẹ́rẹ́ dúró. Ìrìn ni àṣírí náà! Òòfà tí ó bá jókòó kì í mú iná wá. Kí oṣù náà tó parí, ó ti ń yí àwo bàbà láàárín ẹnu òòfà ńlá kan, iná sì ń ṣàn láìdúró. Ní ọdún 1832 Pixii ti ṣe ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ yí ní Párísì. Faraday kú ní 1867. Ní 1896 irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dé Èkó. Epo inú ẹ̀rọ ẹ̀yìnkùlé wa, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa yí i lọ.

Àwọn kan nínú wa yóò wí pé ilé-ẹ̀kọ́ wa kò ní yàrá sáyẹ́ǹsì, kò sì sí owó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n dínámò kẹ̀kẹ́ ológeere kì í ṣe ohun ọ̀wọ́n, òòfà kékeré tí ń yí lẹ́bàá wáyà bàbà sì ni ó wà nínú rẹ̀. Kí ọmọ fúnra rẹ̀ yí i: iná tàn. Kí ó yí i kíákíá: iná mọ́lẹ̀ sí i. Kí ó dáwọ́ dúró: iná kú. Lẹ́yìn èyí ni kí olùkọ́ tó mú ẹfun kọ ìtumọ̀ sójú pátákó, kí ó sì kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ ọ́. (Ẹ̀yin tí ìṣirò ń dẹ́rù bà, ẹ tújú ká: Faraday pàápàá kò mọ̀ ọ́n púpọ̀, Maxwell ni ó wá fi ìṣirò kọ iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà.)

A bẹ àwọn olùkọ́ wa àgbà kí wọ́n jẹ́ kí a ní mẹ́fà irú dínámò bẹ́ẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí kí àkókò ìdánrawò tó dé. Ẹni tí kẹ̀kẹ́ àlòpatì bá wà ní ilé bàbá rẹ̀, kí ó yọ ti ara rẹ̀ wá.