Ọkọ́ Kì í Ṣe Pàṣán



Ní Atokoligbé wa yìí, bí ẹnikẹ́ni bá rí akẹ́kọ̀ọ́ tó mú ọkọ́ lọ́wọ́ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ lọ́sàn-án gangan, ìbéèrè kan ṣoṣo ni yóò jáde lẹ́nu rẹ̀: «Kí ni ọmọ yìí ṣe?» Kò ní béèrè ohun tí ọmọ náà ń kọ́; ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni yóò béèrè. A ti sọ iṣẹ́ di ìyà: ẹni tó pẹ́ dé a gé koríko, ẹni tó pariwo a gbálẹ̀, ẹni tí kò ka ìwé rẹ̀ a pọn omi. Èmi olùkọ́ tí mò ń kọ̀wé yìí náà ti fi ọkọ́ jẹ ọmọ níyà rí. Lẹ́yìn náà, àwa kan náà ni a ó máa ráhùn pé àwọn ọ̀dọ́ kò fẹ́ ṣe iṣẹ́ ìlú.

Àwọn baba wa kò tọ́ ọmọ báyìí. Nínú ọ̀wẹ̀ àti àáró, ọmọdé a máa tẹ̀lé àgbà lọ sí oko. Bí wọ́n ti ń kọ ebè ni ó ń kọ́ ìṣírò, nítorí igba-igba ni wọ́n ń ka ebè iṣu. Ó ń kọ́ irú ilẹ̀ tí iṣu fẹ́, ó sì ń kọ́ pé ẹni tí a ràn lọ́wọ́ lónìí ni yóò ràn wá lọ́wọ́ lọ́la.

Ìjọba Faransé ló kọ́kọ́ ba orúkọ iṣẹ́ ìlú jẹ́. Wọ́n fi ipá kó àwọn èèyàn wa lọ la ọ̀nà, títí òfin tí Félix Houphouët-Boigny gbé kalẹ̀ fi fòpin sí i ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1946. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 1975, ìjọba Mathieu Kérékou ṣe òfin ẹ̀kọ́ tuntun, èyí tí a mọ̀ sí École nouvelle: kí ilé-ẹ̀kọ́ ní oko tirẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ bí ó ti ń kàwé.

Èrò náà dára. Òpin ìgbà yẹn ni èmi wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. A gbin àgbàdo, a ro ó, a kórè rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò rántí ọjọ́ kan tí a padà wọ kíláàsì kí olùkọ́ bi wá pé: kí ló dé tí àgbàdo apá ìsàlẹ̀ fi so ju ti òkè lọ? Èló ni a rí níbẹ̀? Kí ni kí a fi owó náà ṣe? Àwọn òbí wa rí iṣẹ́, wọn kò rí ẹ̀kọ́. Nígbà tí àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè fi òpin sí ìjọba yẹn ní oṣù kejì ọdún 1990, tí oko ilé-ẹ̀kọ́ sì di igbó, ní ilé tiwa kò sí ẹni tó sunkún rẹ̀.

Ohun tí ó bà á jẹ́ ni pé iṣẹ́ náà kò padà sí kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín. Lọ́dọọdún ni a ń kọ́ ọmọ pé orí omi tó dúró ni ẹ̀fọn ń yé sí, àti pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹyin náà ti di ẹ̀fọn tó ń fò. Ọmọ a kọ ọ́ sílẹ̀, a gba máàkì. Síbẹ̀, kòtò tí a ti wa erùpẹ̀ ilé wà lẹ́yìn ilé wọn, ó kún fún omi ní gbogbo ìgbà òjò, ibà kò sì fi àbúrò rẹ̀ sílẹ̀.

Bí kíláàsì kan bá gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àgbà àdúgbò, tí wọ́n ka àwọn kòtò náà, tí wọ́n yà wọ́n sórí ìwé, tí wọ́n ń wo èyí tó ní tanwíjí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìṣírò ni, ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti ẹ̀dá ni. Kí wọ́n wá fi èdè wa ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí níwájú ìlú. Àwọn àgbà tó mọ ibi tí omi ń gbà ni yóò sọ èyí tí a ó dí àti èyí tí a ó la ojú rẹ̀ kí omi lè ṣàn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n tó gbé ọkọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a wá ìyà mìíràn fún ẹni tó pẹ́ dé. Ẹ jẹ́ kí a rántí pẹ̀lú pé oko olùkọ́ kì í ṣe oko ìlú, ìkòkò omi ilé olùkọ́ kì í sì í ṣe ẹ̀kọ́ fún ọmọbìnrin kankan. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé tòun ti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, ẹ má tíì bínú. Ẹ bi í léèrè ohun tó kọ́. Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ wá bá wa ní ilé-ẹ̀kọ́. Àwa ni ìdáhùn kù lọ́wọ́ wa.