Àtẹ Ìdíje Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kàlẹ́ńdà Ìjọ

Mo fẹ́ gbèjà ohun kékeré kan: àtẹ tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìlà sí, tí ó kọ ọjọ́ àti wákàtí eré tí yóò wò lórí tẹlifíṣọ̀n sí. Àwọn kan nínú àwa àlùfáà ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí ìfẹ́ ayé. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí eré ìje bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì kì bá tí fi kọ́ àwọn ará Kọ́ríńtì lẹ́kọ̀ọ́.

Ṣíṣe àtẹ náà gba làákàyè. Aago tiwa kì í yí padà, ṣùgbọ́n ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń yí ní Ọjọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn oṣù Kẹta àti ti oṣù Kẹwàá. Nítorí náà, bọ́ọ̀lù aago mẹ́ta ọ̀sán Sátidé lọ́hùn-ún, aago mẹ́rin ni lọ́dọ̀ wa nígbà òtútù wọn, aago mẹ́ta gan-an sì ni nígbà ooru wọn. Ti Amẹ́ríkà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1994, tí Ràṣídì Yẹkínì gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé wọlé, ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ni ní Dallas, ṣùgbọ́n àwa ti bọ́ sí ọjọ́ 22 ní Abẹ́òkúta.

Ẹ ó ní fóònù ń ṣe gbogbo èyí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àtẹ orí fóònù kì í dá wá. Tẹ́tẹ́ ni ó máa ń mú lọ́wọ́. Kí ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ ìgbà tí Arsenal yóò gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n ti ń bi í pé èló ni yóò ta. Pátákó dúdú tí àwọn onílé ìwòran ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ lẹ́nu ọ̀nà sàn jù ú lọ. Owó ìwọlé nìkan ni ó ń béèrè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù ni ilé Ọlọ́run. Àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Qatar bọ́ sí ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá 2022, Ọjọ́ Ìsinmi kẹrin ní Ádífẹ́ntì, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àkókò tí ọ̀pọ̀ ìjọ máa ń kọ orin Kérésìmesì. Láti 2015 ni FIFA ti kéde ọjọ́ náà. Ọdún méje! Ìgbìmọ̀ ìjọ tó bá gbé àtẹ ìdíje kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kàlẹ́ńdà ìjọ ì bá ti rí i, ì bá sì ti sún orin sí aago méje alẹ́, dípò kí a máa bú àwọn ọ̀dọ́ lórí àga ìwàásù. Èmi kò ní gbà kí ìsìn òwúrọ̀ yẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan nítorí bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n wákàtí orin Kérésìmesì kò sí nínú Òfin Mósè.

Ẹ̀yin ọmọ wa, eré 104 ni ó wà nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2026, láàárín ọjọ́ 39, láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà, oṣù ìdánwò. Eré aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní Los Angeles, aago méjì òru ni níbí. Ọjọ́ ìdánwò ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sórí pépà, kí ẹ tó wo àlàfo tó kù. Ẹ fi ìlà kan sílẹ̀ fún Pápá Ìṣeré MKO Abíọ́lá ní Kútò níhìn-ín, tí kò gba tẹlifíṣọ̀n. Ẹ fi òmíràn sílẹ̀ fún àwọn obìnrin. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje 2025, ní Rabat, Mòrókò ti gbá góòlù méjì wọlé kí àwọn Super Falcons tó dá mẹ́ta padà, tí wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà. Mélòó nínú wa ni ó kọ eré náà sórí àtẹ rẹ̀?