Ẹ má na ọmọ nítorí 'a' àti 'the'

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi kan ti ilé ẹ̀kọ́ dé pẹ̀lú omijé lójú. Àròkọ Gẹ̀ẹ́sì ni olùkọ́ wọn ní kí wọ́n kọ. Ó kọ ọ́ pé "Man came to our house. Man sat on chair." Bírò pupa kún inú ìwé rẹ̀, olùkọ́ sì nà án, ṣùgbọ́n kò ṣàlàyé ohun tí ọmọ náà ṣe tó kù díẹ̀ káàtó.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké bíi "a", "an" àti "the" ti dójú ti ọ̀pọ̀ àwa àgbà pàápàá rí. Kì í ṣe pé a ya òpè. Bí Yorùbá bá ní "mo ra ìwé", ọ̀rọ̀ ti parí. Òyìnbó kò ní gbà bẹ́ẹ̀: dandan ni kí o fi hàn bóyá ìwé kan ṣá ni, tàbí èyí tí ẹni tó ń gbọ́ ọ ti mọ̀.

Síbẹ̀, inú ilé wa ni ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ na ọmọ yìí wà. Ẹ rántí bí a ṣe ń pa àlọ́. A ó ní ọba kan wà ní ìlú kan. Ọba náà sì ní ọmọ kan. Nígbà tí a kọ́kọ́ dárúkọ ọba, "kan" la fi kún un. Nígbà tí gbogbo ilé ti mọ̀ ọ́n, ó di "ọba náà". Iṣẹ́ tí "a" àti "the" ń ṣe gan-an nìyẹn. Kódà, bí "kan" tiwa ṣe bá ọ̀kan tan, láti ara "one" ni "an" ti Òyìnbó ti wá láyé àtijọ́. "A" kàn jẹ́ èyí tí wọ́n gé kúrú.

Mi ò sọ pé gbogbo rẹ̀ dọ́gba o. Oòrùn kò nílò "náà" lọ́dọ̀ wa, nítorí ọ̀kan ṣoṣo ló wà. Nítorí pé ọ̀kan ṣoṣo ló wà náà ni Òyìnbó ṣe ń ní "the sun". A kì í fi "a" ṣáájú omi tàbí iyọ̀, nítorí wọn kò ṣeé kà ní oókan. Etí la sì fi ń mọ ibi tí "an" ń gbé, kì í ṣe ojú: "an hour" ni, ṣùgbọ́n "a university". Ibi tí ọ̀nà ti yà báyìí ló yẹ kí olùkọ́ ti fara balẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti fi ohun tí ọmọ mọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ti la ọ̀nà yìí fún wa. Lọ́dún 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó dùn mí pé lọ́dún 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ.

Àlọ́ ni mo pa fún ọmọ-ọmọ mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí a tó sùn, ó ti tún un kọ: "A man came to our house. The man sat on a chair." Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ju pàṣán sílẹ̀. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá àgbà, ẹ má jẹ́ kí àlọ́ parun. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.